Bí a ṣe ń bu ọlá fún ọlọ́pàá tó ti lọ: láti ọjọ́ tí ìròyìn bá dé títí dé ojú oórì

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Arákàlẹ̀, nílùú Àkúrẹ́, ìwé ìsìnkú ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba ọwọ́ mi kọjá. Bí ẹbí ọlọ́pàá bá ti wọlé, mo ti mọ ohun tí wọ́n máa gbé lé tábìlì: fọ́tò kan pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù, tí àmì èjìká rẹ̀ ti ṣá, àti abala kan tí wọ́n ya lára ìwé ọmọ iléèwé, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé akínkanjú ni olóògbé, olóòótọ́ ni, ó fẹ́ràn ọmọnìkejì. Ó parí. Ẹni tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́! Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ẹ fi ti tísà tàbí ti oníṣòwò kòkó sí i, ọ̀rọ̀ náà á ṣì bá a mu.

N kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá wa, tó fẹ̀yìntì ní ipò ìnspẹ́kítọ̀, kú ní 2016. Gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn pé "kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ n rántí," la bá kúkú kọ ọ́ pé 1976 ni wọ́n wọṣẹ́. Níbi ìsìn àìsùn, bàbá àgbàlagbà kan dìde láàárín èrò, ó gbé ìwé sókè, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, 1974 ni. Bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ lò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́pàá n'Íkẹjà, bàbá yín lókè, èmi nísàlẹ̀." Ẹ̀dà 200 la ti tẹ̀. Èmi tí mò ń fi ìwé títẹ̀ jẹun!

Bí mo ṣe ń bá àwọn ẹbí ṣe é báyìí ni mo tò sísàlẹ̀ yìí. Ẹ lè má ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fo ìkejì àti ìkẹta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ẹnikẹ́ni tó pe alásè

Bó bá jẹ́ pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó kú, D.P.O., ìyẹn ọ̀gá tó ń darí teṣàn rẹ̀, ló kọ́kọ́ yẹ kó gbọ́ lẹ́yìn ẹbí. Òun ló máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ojú ọ̀nà Igbátòrò, tí wọ́n á sì ti ibẹ̀ gbé e lọ sókè. Signal ni àwọn ọlọ́pàá ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́ àti nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ máa padà lò ó. Bó bá ti fẹ̀yìntì, ẹ sọ fún teṣàn tó sún mọ́ ilé rẹ̀ àti fún àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìntì. Àwọn wọ̀nyí gan-an ló máa ń tan ìròyìn náà kálẹ̀ kíákíá.

Bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, bóyá ọ̀nà ọkọ̀ ni, bóyá ọwọ́ àwọn olè, ẹ dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun tó bá fẹ́ gbé fọ́tò òkú sórí Facebook. Kò yẹ kí ìyàwó rẹ̀ ti orí fóònù gbọ́ pé òun ti di opó.

Ìwé tí dókítà kọ nípa ohun tó pa á kò tó. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn kí wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí ikú. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tó pọ̀. Mẹ́wàá kì í pọ̀ jù.

Ẹ kó ohun ìjọba padà: ìbọn bó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, káàdì ìdánimọ̀, àti ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè. Ẹ gba ìwé pé ẹ ti dá a padà, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i. Yunifọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Ẹ bi wọ́n léèrè. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé òfin kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá máa wọ̀ ọ́ kiri, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan gbé e wọ̀ láti fi jó níbi àsè, bó ti wù kó jọ bàbá rẹ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ọ̀nà tó rìn

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ìgbésí ayé ọlọ́pàá, ìṣípòpadà ni. Ọdún méjì níbí, oṣù mẹ́jọ lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá lè to ibi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ̀lé ara wọn, ìtàn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀.

Ẹ kó gbogbo ìwé rẹ̀ sórí ẹní: lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, lẹ́tà ìgbéga, lẹ́tà ìṣípòpadà, lẹ́tà ìyìn bó bá wà, àti èyí tó fi fẹ̀yìntì. Ẹ wo ìdí àpótí, ẹ wo inú Bíbélì tàbí Kùránì, ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò inú férémù. Ẹ wá nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀. Láti kánsítébù títí dé ìnspẹ́kítọ̀, Force Number ni wọ́n ń lò, láti A.S.P. (Assistant Superintendent of Police) lọ sókè, AP Number ni. Orúkọ tó jọ ara wọn pọ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í jọra, òun ni wọ́n sì máa fi wá fáìlì rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ yìí dáadáa, nítorí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́nà. Ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìwé tó bá ṣáájú ọjọ́ yẹn, orúkọ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lẹ máa bá lórí rẹ̀, kódà kó jẹ́ Àkúrẹ́ níbí ló ti ṣiṣẹ́. Bákan náà, títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996, ara ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Èkìtì. Ọlọ́pàá tó wà n'Ijerò tàbí l'Ádó-Èkìtì ní 1990, Àkúrẹ́ ló ń jíṣẹ́ fún. Ọ̀gbẹ́ni kan fẹ́ kí n pa "Ado-Ekiti, Ondo State" rẹ́ nínú ìwé bàbá rẹ̀, ó ní akọ̀wé àtijọ́ ló ṣì í kọ. Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ìwé bá ti sọnù ńkọ́? Ẹ lo àwọn ọmọ. Ọmọ ọlọ́pàá ni mápù iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí èmi sí, Òkìtìpupa ni àbúrò mi obìnrin, Ifọ̀n ni àbíkẹ́yìn. Nígbà tí a jókòó tí a kọ ọjọ́ ìbí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kálukú lọ, ọdún 11 nínú iṣẹ́ bàbá wa yọ síta láìsí fáìlì kankan. Ẹ bi ìyàwó rẹ̀ pé: "Màmá, bárékè wo la wà nígbà tí ọmọ yìí ń rìn?" Ìyá kì í gbàgbé ibi tí ọmọ rẹ̀ ti kọ́ rírìn.

Fọ́tò náà ń sọ̀rọ̀. Okùn méjì lápá, kọ́púrù ni. Mẹ́ta, sájẹ́ǹtì ni. Bí ẹ bá mọ ọdún tí wọ́n gbé e ga, ẹ ti mọ ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò yẹn tàbí kí ẹ súnmọ́ ọn. Ẹ yí i padà pẹ̀lú, àwọn ayàfọ́tò àtijọ́ máa ń lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn sẹ́yìn rẹ̀, tòun ti orúkọ ìlú. Bí ó bá ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀gá ńlá, kó jẹ́ Sunday Ehindero pàápàá, ọmọ Ọ̀kà-Àkókó tó di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Nàìjíríà ní 2005, ẹ fi sí i, àmọ́ ẹ kọ ibi tí wọ́n ti yà á àti ọdún tó jẹ́. Láìsí ìyẹn, fọ́tò ọ̀gá ló jẹ́, kì í ṣe ti olóògbé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "irú ènìyàn wo ni wọ́n jẹ́?" Ìdáhùn kan náà lẹ máa gbà lẹ́nu gbogbo ayé: "Ha, ènìyàn dáadáa ni." Ẹ béèrè ohun tó ṣeé rí. Ibo ló máa ń jókòó sí ní teṣàn? Kí ló máa ń jẹ bó bá ṣe iṣẹ́ òru? Ọjọ́ wo lẹ rí i tí inú ń bí i jù? Ẹjọ́ wo ló máa ń tọ́ka sí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun? Ta ló wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí?

Ẹ má sì fi mọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá nìkan. Ẹ lọ bá ìyá tó ń ta ẹ̀bà níwájú teṣàn, ẹ bá àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, ẹ bá agbẹjọ́rò tí wọ́n jọ máa ń pàdé ní kóòtù, àti onílé tó gbà á sílé nígbà tí àyè kò sí ní bárékè. Ẹni tí kò ní rẹ́ńkì láti bẹ̀rù rẹ̀ ló máa sọ òótọ́.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Lẹ́yìn tí a ti sin bàbá wa tán, tí a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, ìyá wa fa ìwé kékeré kan yọ láàárín mátírẹ́ẹ̀sì àti pákó ibùsùn. Irú ìwé tí ọlọ́pàá máa ń kì bọ àpò àyà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, rọ́bà tí wọ́n fi dè é ti gbó, ó já bí a ṣe fọwọ́ kàn án. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, pẹ́ńsù ni, lẹ́tà wọn dúró ṣánṣán bí ọmọ iṣẹ́ tó wà lórí páréèdì. Mo ṣí i sí 14 oṣù kẹjọ 1987, Ìkàrẹ́, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju báyìí lọ: obìnrin kan, ọmọ ọwọ́ kan, ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ lóru, wọ́n sùn lórí bẹ́ǹṣì káńtà, mo fún wọn ní tíì, mo fi fúláàsì sílẹ̀ fún wọn. Ìlà tó tẹ̀lé e: àtùpà ìta kò ní kẹrosíìnì, mo ti sọ fún ọ̀gá.

Mo kà á sókè fún ìyá wa. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Fúláàsì mi! Ó ní olè ló jí i ní teṣàn. Mo bá a jà fún ọ̀sẹ̀ kan." Ọdún 29 ni wọ́n fi rò pé olè ló gbé e.

Kò sí ìlà kan nínú ìwé ẹ̀dà 200 wa tó tó èyí, ìtàn fúláàsì yìí kò sì sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá abẹ́ ibùsùn kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ atẹ̀wé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíkọ ìtàn náà

Ẹ kọ́kọ́ to ọdún, ibi àti ipò sí ojú ewé kan bí àtẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìtàn mẹ́ta péré tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ sọ wọ́n dáadáa. Mẹ́ta tó. Àwọn ẹbí máa ń fẹ́ kó mẹ́wàá pọ̀, ìkẹwàá á wá dà bí ìpolongo ìbò.

Ẹ má kọ ọ́ bí áńgẹ́lì. Gbogbo wa la mọ ohun tí ará ìlú ń sọ nípa ọlọ́pàá. Bí ẹ bá kọ pé kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, ẹni mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀ṣì á wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ pé ó dá awakọ̀ kan padà lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ nítorí pé bíréèkì rẹ̀ kò dára, tí awakọ̀ náà sì bú u títí tó fi lọ, àwọn èèyàn á gbà á gbọ́. Bí ìbínú rẹ̀ bá yá, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ará Oǹdó Ẹkímọ̀gún kan mú ìtàn bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "bàbá mi a máa kígbe kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà a máa tọrọ àforíjì pẹ̀lú iyán." Ìyẹn ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ nígbà tí wọ́n jáde.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé náà. Ẹjọ́ tó ṣì wà ní kóòtù, ẹ fi í sílẹ̀. Orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ má kọ ọ́, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti dá a láre, ọmọ rẹ̀ sì lè jókòó sí ìjókòó kẹta. Ọmọdé tàbí obìnrin tí wọ́n ṣe ìpalára fún, ẹ má sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀. Ẹni tó máa ń fún olóògbé ní ìròyìn ní ìkọ̀kọ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní ìkọ̀kọ̀ náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí àgbà obìnrin ilé kan ki oríkì ìdílé rẹ̀, kí ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ó ṣe kì í, pẹ̀lú ẹ̀ka èdè rẹ̀. Bó bá fi èdè Àkúrẹ́ sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá iléèwé. Ọmọ Olóyèmẹkùn kò nílò kí atẹ̀wé kọ́ ọ ní èdè. Ní tèmi, mo máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sí apá kan fún àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá, Yorùbá sí apá kejì fún àwọn àgbà.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e fún ẹnìkan tí wọ́n jọ wọṣẹ́ kó kà á. Ẹnìkan péré. Ìyẹn lẹ fi máa gba ara yín lọ́wọ́ ìtìjú ẹ̀dà 200.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ ìsìnkú

Lẹ́tà ni wọ́n fi ń béèrè ẹ̀yẹ ọlọ́pàá. Ẹ kọ ọ́ sí Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Oǹdó, kó gba ọwọ́ D.P.O. kọjá. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ipò, nọ́ńbà iṣẹ́, teṣàn tó lò kẹ́yìn, ọjọ́ tó kú, ọjọ́ àti ibi ìsìnkú, ohun tí ẹ ń fẹ́, àti nọ́ńbà fóònù ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹbí. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mẹ́rin kò gbọdọ̀ máa pe ọ́fíìsì kan náà. Ẹ so ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú mọ́ ọn, ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ má tíì kọ "ìbọn ẹ̀yẹ" sínú ètò kí ìdáhùn tó dé, pàápàá bó bá jẹ́ ẹni tó ti fẹ̀yìntì.

Bí wọ́n bá gbà, àwọn ọlọ́pàá ló máa gbé pósí. Wọ́n á fi àsíá bò ó, wọ́n á gbé fìlà àti bẹ́líìtì rẹ̀ lé e lórí. Lójú sàréè, ẹnìkan á fun fèrè ìdágbére tí wọ́n ń pè ní Last Post, wọ́n á yin ìbọn sókè, wọ́n á wá ká àsíá náà, kí wọ́n tó gbé e fún opó tàbí àkọ́bí. Ẹ ti pinnu ẹni tó máa gbà á láti ilé. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó ju ẹyọ kan lọ, ẹ parí ọ̀rọ̀ yẹn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ kìlọ̀ fún èrò nípa ìbọn yẹn. Níbi ìsìnkú kan l'Ọ́bà-Ilé, ìró kìíní ló já màmá arúgbó kan sílẹ̀ lórí àga, tó ń pe Jésù. Àwọn ọmọdé ti wọ abẹ́ tábìlì oúnjẹ. Kí alága ètò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì gbé ẹni tí àyà rẹ̀ kò le jìnnà.

Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni, wọ́n á ti sin ín kí lẹ́tà yín tó dé orí tábìlì ẹnikẹ́ni. Kò burú rárá. Ọjọ́ fídáù ni kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lé, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì pín ìwé ìtàn náà.

A kò rí fèrè tàbí ìbọn gbà fún bàbá wa. Àwọn àgbà mẹ́fà tí wọ́n jọ fẹ̀yìntì ló wá, èyí tó kéré jù nínú wọn ti lé ní 60. Wọ́n ní àwọn làwọn máa gbé pósí láti ẹnu géètì dé ojú sàréè. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan náà rìn, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ọ̀kan nínú wọn ń ka ìṣísẹ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: òsì, ọ̀tún, òsì. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ̀tọ́ rẹ̀

Mo máa ń rí ẹbí tó ná owó lórí aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta, tí fáìlì olóògbé sì wà láìṣí fún ọdún méjì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ní adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò ní dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Ìyẹn wà fún ẹni tó kú lẹ́nu iṣẹ́. Owó tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀, NPF Pensions ló sì ń bójú tó ti àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n á béèrè ìwé tí kóòtù fi fún yín láṣẹ lórí dúkìá rẹ̀. Ẹ̀ka probate ní ilé ẹjọ́ gíga l'Ákúrẹ́ ni ẹ ti máa gbà á. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó súnmọ́ ọn jù (next of kin), kì í ṣe pé òun ló ni owó náà. Ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ọdún kan àti ojú oórì

Ìrántí ọdún kan ni ànfààní kejì fún ẹni tó bá ṣe àṣìṣe. A tún ìwé bàbá wa tẹ̀, 1974, pẹ̀lú ìtàn fúláàsì. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí teṣàn tó lò kẹ́yìn, ọ̀kan sí ẹni tí wọ́n jọ wọṣẹ́, ọ̀kan sí iléèwé tó lọ. Bí owó bá wà, ẹ̀bùn ìwé fún ọmọ bárékè kan tó ń múra ìdánwò dára ju kéèkì ńlá lọ.

Ní ti òkúta ojú oórì, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀: orúkọ, ipò, nọ́ńbà iṣẹ́, ọdún tó wọṣẹ́ àti ọdún tó jáde, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, kí ẹ sì dúró ti ẹni tó ń fín in. Tiwa, mo ní kí n yára lọ jẹun ní Ọjà Ọba. Àbúrò mi obìnrin ló rí i pé ó ti ń fín "Inspek," ó pariwo. Ẹni tó ń fín in fi sìmẹ́ńtì dí lẹ́tà K yẹn, ó fi C sí i. Bí òjò bá rọ̀, ojú ibẹ̀ ṣì máa ń dúdú ju ìyókù lọ.